Bí ẹ ṣe máa gbé bàálù kékeré kúrò nílẹ̀ nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, tí ò fi ní já mọ́ yín lọ́wọ́

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì ní Ìlọrin wálé sí Òṣogbo lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí ìyá wa sá aṣọ àdìrẹ sí, kò tíì mu omi tó fi ní, "Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o, bàálù yẹn kì í gbọ́ tèmi mọ́ tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, mi ò tíì kúrò nílẹ̀ gan-an tí imú ẹ̀ á ti máa wá igbó lọ, ọ̀gá mi á sì gbà á lọ́wọ́ mi." Ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mo mọ nǹkan tó ń sọ dáadáa torí èmi náà ti kọjá níbẹ̀, àti pé báyìí tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ yìí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń rí i tí wọ́n máa ń kọsẹ̀. A jọ sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gáríbì. Mo wá ní kí n kúkú kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe.

Kí n tètè sọ ọ́ o, ohun tí mo kọ síbí ò lè rọ́pò ọ̀gá tó jókòó tì yín nínú bàálù, kò sì lè rọ́pò ìwé tí wọ́n kọ fún bàálù yẹn gan-an. Tí ìwé bá sọ nǹkan tó yàtọ̀ sí tèmi, tìwé ni kẹ́ ẹ ṣe. Cessna 172 ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ torí òun ni ọwọ́ mi mọ́ jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú Diamond DA40, ọ̀pá ló wà lọ́wọ́ yín dípò yoke, ìyẹn ọwọ́ ìdarí tó dà bíi ti mọ́tò, táyà iwájú yín sì kàn ń yí kiri fúnra ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ yín ò darí ẹ̀, búréèkì lẹ ó fi máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ eré kí rọ́dà, ìyẹn irin ẹ̀yìn ìrù tí ẹsẹ̀ yín ń fi pẹ́dà yí, tó ríṣẹ́ ṣe. Ọgbọ́n ìyókù ò yàtọ̀, àwọn nọ́ńbà eré ló yàtọ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jálẹ̀: bàálù tó fi ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ kan wà lókè, òun ló ń já mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Tó bá wà nílẹ̀, kó wà nílẹ̀ pátápátá. Tó bá fẹ́ lọ, kó lọ pátápátá. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo máa kà sílẹ̀ yìí, torí ẹ̀ ni.

KÍ LÓ TIẸ̀ Ń ṢẸLẸ̀ GAN-AN

Ẹ wo adìyẹ tó dúró síta nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, á yíjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀, torí tó bá kọ ẹ̀yìn sí i, ìyẹ́ ẹ̀ á ṣí, a ó sì rí ohun tí a ò fẹ́ rí. Bàálù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrù ẹ̀ ga, ó fẹ̀, ó sì jìnnà sẹ́yìn táyà, tí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ìrù yẹn láti ọwọ́ òsì, ìrù á lọ sí ọ̀tún, imú á wá yí sí òsì, ìyẹn ni pé imú ń wá ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ohun àkọ́kọ́ nìyẹn.

Èkejì, apá tó wà níbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ á fẹ́ dìde. Ẹ ò ní tètè mọ̀, torí díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é. Tí apá yẹn bá ti gbéra díẹ̀, atẹ́gùn á ráyè wọ abẹ́ ẹ̀, á tún gbé e sí i, táyà ẹ̀gbẹ́ yẹn á fúyẹ́, ẹ̀yin á wá wà lórí táyà kan àti ti iwájú, bàálù á máa fò tọ́ntọ́n lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ẹ̀kẹta ni ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan níwájú bíi Cessna yìí, tẹ́ ẹ bá ti fún un ní gbogbo agbára, imú ẹ̀ máa ń fà sí òsì, atẹ́gùn ò báà má fẹ́ rárá. Ọ̀nà tí páńkà iwájú ń gbà yí ló fà á, àti bí atẹ́gùn tí páńkà yẹn ń fẹ́ sẹ́yìn ṣe ń lọ́ yí ara bàálù ká tó wá ń lu ìrù. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ ọ̀tún fi máa ń ṣiṣẹ́ jù nígbà tí a bá ń gbéra. Ẹ wá rò ó wò: tí atẹ́gùn bá ti ọwọ́ òsì wá, òun àti ẹ́ńjìnnì jọ ń fà yín sí òsì ni, iṣẹ́ di méjì fún ẹsẹ̀ ọ̀tún yín. Tó bá ti ọwọ́ ọ̀tún wá, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jà, ó máa ń rọrùn díẹ̀ ní ti rọ́dà. Nítorí náà tí táwà, ìyẹn àwọn tó ń darí bàálù ní pápákọ̀, bá ti sọ pé atẹ́gùn wà lọ́wọ́ òsì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún yín ti máa gbọ́.

ÌGBÉSẸ̀ KÌÍNÍ: Ẹ MỌ ATẸ́GÙN KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KAN BÀÁLÙ

Àbúrò mi fẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí yoke, mo ní rárá, wo àdìrẹ ìyá wa lórí okùn yẹn. Ibo ni atẹ́gùn ti ń bọ̀? Ó nawọ́ sí ọ̀nà Ìbòkun. Ṣé ó dúró lójú kan àbí ó ń dá wá dá lọ? Ó wò ó títí, ó ní ó ń dá wá dá lọ, aṣọ á nà gbọọrọ, á tún wálẹ̀. Mo ní ó dáa, nǹkan méjèèjì tó o sọ yẹn ni atẹ́gùn: ibi tó ti ń bọ̀, àti bó ṣe ń yí padà. Windsock tó wà ní pápákọ̀ ò ju aṣọ orí okùn náà lọ, àpò gígùn kan ni wọ́n so mọ́ orí òpó, èyí tí wọ́n ṣe bó ṣe yẹ máa ń nà gbọọrọ tí atẹ́gùn bá ti tó nǹkan bíi 15 knot (knot ni wọ́n fi ń wọn eré atẹ́gùn àti ti bàálù). Tó bá ń nà tó tún ń rọ̀, atẹ́gùn yẹn ń ṣe fùú fùú nìyẹn, ẹ máa fojú sí i lára gidi gan-an.

Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀fúùfù méjì ló ń jọba. Nígbà òjò, ó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, láti orí òkun. Nígbà ọyẹ́, ó ń ti àríwá ìlà oòrùn wá pẹ̀lú eruku. Àwọn tó ṣe rọ́ńwéè wa, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bàálù ń sáré lórí ẹ̀, mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀ fi dojú kọ ọ̀nà yẹn náà nìyẹn: ti Ìlọrin jẹ́ 05 àti 23, ti Ìbàdàn jẹ́ 04 àti 22, ti Zaria tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ páílọ́ọ̀tì wà láti 1964 jẹ́ 06 àti 24. (Tẹ́ ẹ bá fi òdo kún ẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn, digírì kọ́ńpáàsì lẹ rí, 23 ni 230.) Torí náà ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni atẹ́gùn máa ń wá níwájú tààrà, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á wá lo oṣù mélòó kan tí ò ní rí atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tó ní láárí, á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí ìjì òjò bá wá dé ló máa mọ̀.

Ìjì yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Láti bíi oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìlà oòrùn ló ti máa ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà l'Óṣogbo ẹ mọ̀ ọ́n, ojú ọ̀run á ṣú ní ọ̀nà Iléṣà, gbogbo ibi á dákẹ́, àwọn ìyá á ti máa sáré kó aṣọ, lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn á bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà kí òjò tó kán, páànù á máa fò. Atẹ́gùn tó ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn bọ̀ tẹ́lẹ̀ á kàn yí padà ní ìṣẹ́jú mélòó kan. Tẹ́ ẹ bá wà lórí 23 lásìkò yẹn tí atẹ́gùn wá di 090, ẹ̀yìn yín lápá òsì ló ti ń tì yín. Kò sí ọgbọ́n ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ tó wà fún ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí ìkùukùu dúdú tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní ìlà oòrùn, ẹ so bàálù yín mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ lọ jẹun.

ÌGBÉSẸ̀ KEJÌ: Ẹ ṢÍRÒ Ẹ̀

Kì í ṣe gbogbo atẹ́gùn ló ń ti yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan nínú ẹ̀ ni. Ọ̀nà tí mo fi ń ṣírò ẹ̀ lórí láì lo kọ̀ǹpútà ni aago. Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín rọ́ńwéè àti atẹ́gùn ní digírì, kẹ́ ẹ fojú ìṣẹ́jú aago wò ó. Digírì 15 dà bí ìṣẹ́jú 15, ìdá kan nínú mẹ́rin wákàtí, torí náà ìdá kan nínú mẹ́rin atẹ́gùn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. 30, ìdajì. 45, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. 60 sókè, ẹ kúkú gbà pé gbogbo ẹ̀ ni. Kò pé pérépéré, ṣùgbọ́n tí digírì bá ti kọjá 30, ó máa ń lé díẹ̀ ni, ìyẹn sì dáa.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Rọ́ńwéè 23, táwà ní atẹ́gùn 200 ní 12 knot. 230 yọ 200, ó ku 30, ìdajì 12 jẹ́ 6. Knot 6 láti ọwọ́ òsì, kò burú. Ọjọ́ kejì, táwà ní 170 ní 14, ó ń fò dé 20. 230 yọ 170, ó ku 60. Èwo lẹ máa mú nínú 14 àti 20? Àbúrò mi mú 14. Mo ní rárá o, torí ẹ ò mọ ìgbà tí 20 yẹn máa dé, ó lè jẹ́ àsìkò tí táyà yín fẹ́ kúrò nílẹ̀ gan-an ló máa dé. 20 lẹ máa mú. Lọ́nà aago, gbogbo 20 ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀ pérépéré, ó lé ní 17 knot láti ẹ̀gbẹ́.

Nínú ìwé Cessna 172S, 15 knot ni atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀ jù tí wọ́n fi dán an wò. Ti Cessna 152 jẹ́ 12, ti DA40 jẹ́ 20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí: páílọ́ọ̀tì tó dántọ́ ló wà á lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò yẹn o. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ohun tí bàálù lè ṣe lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sọ tiyín. Ẹ bá ọ̀gá yín jókòó kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tiyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá fò lọ́dọ̀ mi, 5 ni mo máa ń fún wọn, mo sì ń gbé e sókè bí mo bá ṣe ń rí ẹsẹ̀ wọn. Ọjọ́ tí nọ́ńbà bá ti kọjá tiyín, ẹ máa lọ sílé, kò sí ìjà ńbẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸTA: ÀGA, BÀTÀ, ÀTI ÌPINNU

Ẹ fa àga yín síwájú títí ẹsẹ̀ yín á fi lè tẹ pẹ́dà dé òpin láì nà tantan, kẹ́ ẹ wá fi ara tì í síwájú sẹ́yìn kẹ́ ẹ rí i pé ó ti há. Àga Cessna máa ń yọ́ sẹ́yìn tí ìdè ẹ̀ ò bá há, tó bá yọ́ nígbà tẹ́ ẹ ń sáré lọ, ọwọ́ yín á fa yoke mọ́ra, ẹsẹ̀ yín á kúrò lórí pẹ́dà, ó parí nìyẹn. Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ nípọn, ẹ má wọ̀ ọ́. Gìgísẹ̀ yín ní láti wà nílẹ̀, ìka ẹsẹ̀ nìkan ni kó wà nísàlẹ̀ pẹ́dà, torí òkè pẹ́dà ni búréèkì wà, tẹ́ ẹ bá tẹ búréèkì ẹ̀gbẹ́ kan láìmọ̀, ẹ ti fọwọ́ ara yín yí bàálù nìyẹn.

Flap, ìyẹn irin tó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn apá, ẹ fi sílẹ̀ lókè tí rọ́ńwéè bá gùn tó, torí tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, bàálù á fúyẹ́ kó tó yẹ kó fúyẹ́.

Lẹ́yìn náà ẹ pinnu ibi tẹ́ ẹ ti máa pa á tì. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ jáde lẹ́nu. Ohun tí èmi ń lò ni pé tí mo bá dé ìdajì rọ́ńwéè tí eré mi ò tíì tó ìdá méje nínú mẹ́wàá eré tí mo fi ń gbéra, mo ti pa á. 172S máa ń gbé imú ní 55 knot, torí náà tó bá dé ìdajì tí mi ò tíì rí nǹkan bíi 39, ó tán. Mo tún fi èyí kún un: ìgbàkígbà tí mo bá ti tẹ rọ́dà dé òpin tí imú ò bá sì padà sórí ìlà funfun, ó tán náà nìyẹn. Ẹni tí ò bá tíì sọ ọ́ kó tó gbéra, kì í rántí ẹ̀ tó bá dójú ẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KẸRIN: LÁTI IBI TÍ Ẹ PÁÀKÌ SÍ DÉ ORÍ RỌ́ŃWÉÈ

Èyí ò le. Tí atẹ́gùn bá ń ti iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá, ẹ yí yoke sí ibi tó ti ń bọ̀. Tó bá ń ti ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá, ẹ yí yoke kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì tì í síwájú. Ẹ rìn jẹ́jẹ́. Gbogbo kọ̀nà tẹ́ ẹ bá yà, atẹ́gùn ti kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, kí ọwọ́ yín náà kúrò níbẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KARÙN-ÚN: ERÉ ORÍ ILẸ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá ti tò sórí ìlà funfun àárín, ẹ wo windsock lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ yí yoke sí ọ̀dọ̀ atẹ́gùn dé òpin. Dé òpin ni mo wí o, kì í ṣe díẹ̀. Tí atẹ́gùn bá wà lósì, yoke wà lósì títí tí ò ní lè lọ mọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé aileron, ìyẹn irin kékeré tó ń lọ sókè sódò lẹ́yìn apá, ti apá òsì á gbéra, á sì máa tẹ apá òsì mọ́lẹ̀ kó má bàa dìde. Níbẹ̀rẹ̀ tí eré ò tíì sí, aileron yẹn ò lágbára rárá, ìdí tẹ́ ẹ fi fún un ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ti throttle, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, síwájú díẹ̀díẹ̀, ẹ kà á lọ́kàn, ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹni tó bá rọ́ ọ síwájú lẹ́ẹ̀kan, imú á já sí òsì kí ẹsẹ̀ ẹ̀ tó jí. Bí agbára ṣe ń wọlé, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọlé pẹ̀lú ẹ̀. Ojú yín ò gbọ́dọ̀ wà lórí imú bàálù, ìparí rọ́ńwéè lọ́ọ̀ọ́kán ni kẹ́ ẹ máa wò, ibẹ̀ lẹ ti máa tètè rí i tí imú bá yẹ̀. Ẹsẹ̀ yín ò ní dúró lójú kan, á máa tẹ̀ á máa dẹ̀ ní kéékèèké, bí ìgbà téèyàn ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kan tẹ́ ẹ wá dúró, imú á ré kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀yin náà á lé e, á ré padà, bí bàálù ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀ nìyẹn.

Bí eré ṣe ń pọ̀, aileron ń lágbára sí i, ẹ wá máa dẹ yoke padà díẹ̀díẹ̀. Báwo lẹ ṣe máa mọ bó ṣe yẹ kó tó? Apá ni kó sọ fún yín. Ẹ máa dẹ̀ ẹ́ lọ bó bá ṣe ń tọ́ láti mú kí apá méjèèjì dọ́gba. Ohun tí mo rí pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ni pé, tí bàálù bá ti ń sáré, wọ́n á gbàgbé yoke, ọwọ́ wọn á kàn yọ́ padà sí àárín fúnra ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò sí. Mo bi àbúrò mi pé tó o bá ti dé 40 knot, níbo ni ọwọ́ ẹ máa ń wà? Ó ronú, ó ní "láàárín, sà." Ibi tó ti ń já mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò tiẹ̀ nílò kí n wà níbẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa kúrò nílẹ̀, ó yẹ kí yoke ṣì wà ní ọ̀dọ̀ atẹ́gùn díẹ̀.

Láàárín gbogbo èyí, ẹ má fa yoke mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí táyà iwájú tẹ ilẹ̀ dáadáa, òun ló ń gbà yín.

ÌGBÉSẸ̀ KẸFÀ: KÍKÚRÒ NÍLẸ̀

Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ò sí, ẹ lè gbé imú díẹ̀ ní 55 kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàálù fúnra ẹ̀ lọ nígbà tó bá wù ú. Lọ́jọ́ atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́, rárá. Ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ kí eré fi díẹ̀ lé e, èmi máa ń dúró di 60, lẹ́yìn náà ni mo máa gbé e kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ já a gbà o, ṣùgbọ́n kó dá yín lójú, kó ṣe kedere. Ìdí ni pé tó bá fúyẹ́ nílẹ̀ tí ò tíì lè fò, atẹ́gùn á máa tì í lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá tún wá balẹ̀ padà báyẹn, táyà á fi ẹ̀gbẹ́ họ ilẹ̀, ẹsẹ̀ bàálù lè kán, ó sì lè dojú dé.

Ohun kan tó máa ń tan èèyàn jẹ: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, bàálù máa ń rọrùn gbé ju bó ṣe yẹ lọ, torí ilẹ̀ ò jẹ́ kí atẹ́gùn abẹ́ apá ráyè sá lọ bó ṣe ń ṣe lókè. Á gbé yín ní 45 knot, inú yín á dùn. Tó bá fi máa kúrò nítòsí ilẹ̀, á rí i pé òun ò lágbára tó, á wálẹ̀.

ÌGBÉSẸ̀ KEJE: LÓKÈ

Tí táyà bá ti kúrò nílẹ̀ pátá, ẹ yí imú díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ atẹ́gùn, kẹ́ ẹ tún apá ṣe kó dọ́gba, kẹ́ ẹ dẹ ẹsẹ̀ yín kí bọ́ọ̀lù kékeré inú aago iwájú yín, èyí tó ń fi hàn tí bàálù bá ń yọ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wà láàárín. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi rí á mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ gún sí ibi tó kọjú sí yín gan-an lódìkejì, ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ ni atukọ̀ máa kọ imú ọkọ̀ sí, ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ń lọ ló dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ kí rọ́ńwéè wà lẹ́yìn yín tààrà. Ní 172S, 74 knot ni eré tó ń gbé yín sókè kíákíá jù, ẹ dì í mú.

TÓ BÁ WÁ FẸ́ JÁ MỌ́ YÍN LỌ́WỌ́

Tẹ́ ẹ bá ṣì wà nílẹ̀: throttle padà sẹ́yìn pátá, lọ́gán. Yoke ṣì wà lọ́dọ̀ atẹ́gùn, ẹ dì í mú síbẹ̀, torí bí eré bá ṣe ń dínkù ni aileron ń rẹ̀, kódà ẹ máa yí i padà dé òpin bẹ́ ẹ ṣe ń dẹ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Búréèkì jẹ́jẹ́, ẹsẹ̀ méjèèjì lọ́gba, lẹ́yìn tí imú bá ti tọ́. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ máa wọ koríko, ẹ wọ koríko tààrà láì yí i lójijì. Koríko ò pa èèyàn. Ẹni tó bá ń wá ọ̀nà láti gbà gbé e sókè kó má bàa wọ koríko ló ń pa ara ẹ̀.

Mo sọ èyí torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, èmi nìkan ni mo wà nínú bàálù. Atẹ́gùn wà lósì, ó ju èyí tó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí n fò lọ, kò sì sẹ́ni tó dá mi dúró, èmi náà ò dá ara mi dúró torí mi ò fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí i pé mo padà. Mo sáré, yoke ti yọ́ sáàárín, apá òsì dìde, imú lọ sí òsì, mo rí iná ẹ̀gbẹ́ rọ́ńwéè tó ń bọ̀. Dípò kí n pa á, mo fà á mọ́ra. Ó gbéra lóòótọ́, a ò sì tíì pé 50 knot. Ó gbé mi kọjá iná yẹn, aago ìkìlọ̀ tó ń sọ pé apá fẹ́ pàdánù agbára ń ké ní etí mi, ó fì, ó wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà kan bẹ́, a yí lẹ́ẹ̀mejì nínú koríko. Ọlọ́run ló yọ mí, mi ò farapa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń gbọ́ ìró aago yẹn tí mo bá fẹ́ sùn. Gbogbo nǹkan tí mo nílò láti ṣe ò ju kí n fa throttle sẹ́yìn, ohun tí ọwọ́ ọmọdé lè ṣe.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti wà lókè díẹ̀ kó tó máa fì, ẹ ti imú sílẹ̀ díẹ̀ kí eré padà wá, apá kó dọ́gba, ẹ má fi tipátipá wá rọ́ńwéè tó ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fò ná.

ÌDÁNRAWÒ TẸ́ Ẹ LÈ ṢE NÍLÉ

Kò sí bàálù tẹ́ ẹ lè lọ fi ṣeré l'Óṣogbo, iṣẹ́ pápákọ̀ MKO Abíọ́lá tó wà ní Ìdó-Ọ̀ṣun ti ń fà nílẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n àga ńkọ́? Mo gbé àga onígi kan sẹ́yìnkùlé, mo fún àbúrò mi ní ìdérí ìkòkò ńlá kó fi ṣe yoke, mo fi bíríkì méjì síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀, mo fún un ní igi ìdáná kan kó fi ọwọ́ ọ̀tún mú bíi throttle. Mo ní kó máa wo àdìrẹ, ibi tí aṣọ bá sọ pé atẹ́gùn ti ń bọ̀ ni kó yí ìdérí ìkòkò sí. Mo wá ń pe eré fún un: 10, 20, 30, 40, kó máa dẹ ọwọ́ bí mo ṣe ń pè, kó máa sọ ohun tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń ṣe jáde lẹ́nu. Nígbà míì màá kàn pariwo "Imú ti lọ!" láì sọ tẹ́lẹ̀, kí n wo ohun tó máa ṣe.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó fa ìdérí mọ́ àyà. Ìgbà kejì, ó tún fà á. Ìyá wa ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí la ń fi ìkòkò òun ṣe. A ṣe é bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a tún bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ lẹ́yìn tó ti wẹ̀. Nígbà tó fi máa di pé ó ń gbé báàgì ẹ̀ lọ sí Old Garage kó lọ wọ mọ́tò Ìlọrin, mo dá a dúró lẹ́nu géètì, mo pariwo pé "Imú ti lọ!" Báàgì bọ́ sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ fà sẹ́yìn, ọwọ́ òsì ẹ̀ dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀.